Kọ̀ǹpútà Géèmù Tí Mo Fi Ẹ̀rù Tò

Mọ́ńdè, 3/11/97

Adéjàre tún dé lónìí, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní girama. Kò tíì kí mi tán tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu mọ́ ju géèmù orí kọ̀ǹpútà lọ, pé wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo torí ẹ̀. Òun ní yàrá iwájú ilé bàbá òun, òun ní tábìlì, òun sì ti kó owó díẹ̀ jọ. Ohun tó kù ni ẹni tó máa ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà ní ẹyọ ẹyọ, tó máa tò ó, nítorí èyí tí wọ́n ti tò tán kọjá agbára àwa méjèèjì. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ló fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn ọmọ tó wá ṣọdún lè bá a níbẹ̀.

"Ta ni mo tún fẹ́ wá kiri?" ló wí. "Ta ló mọ tẹlifíṣàn tó ọ ní Ìkìrun yìí, Akínyẹlé?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá rò ó wò. Irọ́ ni. Kó tó dìde lórí àga ni mo ti gbà. Màá kọ ìdí ẹ̀ síbí, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ẹ̀rù iná ń bà mí. Èmi! Láti oṣù Keje tí tẹlifíṣàn bàbá onírẹsì yẹn ti gbé mi, mi ò tíì ki ọwọ́ bọ inú tẹlifíṣàn kankan. Wọ́n mú iná lọ lọ́jọ́ náà, mi ò yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri, mo ní iná ṣáà ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ẹ̀ títí dé ìgúnpá nígbà tí wọ́n dá a padà. Ìdí ògiri ni wọ́n ti wá ṣa mí. Ọ̀gá ńlá, ọdún kejìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣe àṣìṣe ọmọọṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan!

Bí mo bá ti ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn báyìí, ọwọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò mí, èémí ò ní délẹ̀. Rédíò oníbátìrì nìkan ni mò ń tún ṣe. Tẹlifíṣàn táwọn èèyàn bá gbé wá, mò ń dì í sínú àpò ìrẹsì, mò ń wọkọ̀ gbé e lọ fún Ọláwuyì ní Ìnísà. Ọláwuyì tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ o! Òun á tún un ṣe, èmi á gbé e padà bíi pé èmi ni mo ṣe é. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ò mọ̀. Màmá mi ò mọ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí pé Olúwa ti yọ gbogbo ẹ̀rù kúrò lára mi. Wọ́n ké halelúyà méje. Ojú ara mi ń tì mí títí dòní.

Ìdí tí mo fi gbà ni pé Adéjàre fi ìwé kan hàn mí. Wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà, iná tí kò ju fóòtì márùn-ún àti méjìlá lọ ló ń rìn níbẹ̀. Ìyẹn ò lè pa eṣinṣin. Bí mo bá lè kọ́ iṣẹ́ yìí, mo lè fi tẹlifíṣàn sílẹ̀ títí ayé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mi ò bá lè kọ́ ọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, mo kàn ń tan ara mi jẹ ni.

Fúráìdé, 7/11

Mo lọ sí Òṣogbo. Ọ̀gbẹ́ni Jọláyẹmí tí wọ́n júwe fún wa ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ti ìlú òyìnbó wá, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá pa ẹran. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ti ọ́físì ni àbí ti géèmù?"

Mo ní ti géèmù ni.

"Háà, ti géèmù le o. Ti ọ́físì, lẹ́tà ló ń tẹ̀, kò nílò ọpọlọ rẹpẹtẹ. Géèmù ló ń jẹ ọpọlọ."

Ó gbé Pẹ́ńtíọ̀mù kan síwájú mi. Bọ́ọ̀dù ẹ̀ tó gbé ọpọlọ dání nìkan, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n náírà. Mo rọra dá a padà síbi tó ti mú un. Ó wá gbé 486 kan jáde, ìran tó ṣáájú Pẹ́ńtíọ̀mù, ó ní èyí tó yára jù nínú ìran tiẹ̀ nìyí, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ààbọ̀. Ó ní á gbé géèmù mọ́tò, á gbé ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí n má fi ráàmù, ìyẹn ibi ìrántí ẹ̀, tó dín ní mẹ́gà mẹ́jọ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò náà á máa rìn bí arúgbó.

Ọ̀rọ̀ kan já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ṣé ó máa ń gbéèyàn?"

Ó wò mí. "Ẹnjiníà! Ẹ̀yin lẹ̀ ń bi mí bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìkọ́. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Wẹ́sìdé, 12/11

Àríyànjiyàn lèmi àti Adéjàre fi ọ̀sán ṣe. Ó fẹ́ káàdì ohùn, ó ní géèmù tí ò dún, kí ló yàtọ̀ sí fọ́tò? Èmi ní ká kọ́kọ́ fi owó náà ra ráàmù. Ó ní káàdì àwòrán ńkọ́? Mo ní mẹ́gà kan tó. Ó ní méjì ló dáa. Mo ní ṣé wàá lọ ta ilé bàbá ẹ ni? Ní ìkẹyìn, a gbà pé ká ra ráàmù mẹ́gà mẹ́jọ, káàdì àwòrán mẹ́gà kan, káàdì ohùn tó kéré jù, àti háàdì-dísíkì tó máa tọ́jú géèmù pamọ́, èyí tí wọ́n ti lò dáadáa. Mọ́nítọ̀ ló kù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Èmi mọ ìdí tí èmi ò fi dárúkọ ẹ̀.

Mọ́nítọ̀, tẹlifíṣàn ni. Orúkọ ló yàtọ̀. Túùbù kan náà, iná kan náà.

Sátidé, 15/11

Epo ò sí. Owó ọkọ̀ Òṣogbo ti di ìlọ́po méjì. Mi ò lọ.

Túsìdé, 18/11

Mo ti ra bọ́ọ̀dù, mo ra ráàmù, mo ra káàdì méjèèjì àti háàdì-dísíkì, mo ra àpótí tòun ti páwà tó ń fún un níná. Jọláyẹmí ní ní àsìkò ọyẹ́ yìí, kí n tó fọwọ́ kan ráàmù, kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin, torí pé iná kékeré kan wà lára èèyàn tó lè pa á. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mò ń rò ó. Nǹkan kan wà láyé yìí tó yẹ kó bẹ̀rù iná ara tèmi! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè.

Ẹ̀rín náà ò délé. Nígbà tí mo yí páwà náà wò, mo rí súìṣì pupa kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n kọ 115 sí. Ti Amẹ́ríkà ni! Ká ní mo ti so ó mọ́ iná wa bẹ́ẹ̀, á ti bú. Mo tì í sí 230, tó jẹ́ tiwa. Mo tún un wò. Mo lọ jẹun, mo padà wá tún un wò. Àmọ̀kẹ́ ní, "Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?" Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ó wá ku kí n tan iná sí i. Mo fi púlọ́ọ̀gì sára ògiri, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na igi ìgbálẹ̀ gígùn, mo fi tẹ súìṣì. Fáànù inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí mo ti yíjú padà ni mo ti rí Àmọ̀kẹ́, ó gbé aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, ó ń wò mí àti igi ìgbálẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Sọ́ńdè, 23/11

Ọ̀ràn dé! Màmá wá láti Òkukù lẹ́yìn ìsìn, nínú aṣọ funfun wọn. Wọ́n bá bọ́ọ̀dù àti gbogbo ẹ̀yà tó kù lórí tábìlì. Wọ́n béèrè ibi tó ti wá. Mo ní ìlú òyìnbó ni.

"Ta ló lò ó kó tó dọ́dọ̀ ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"O ò mọ̀. Bóyá ẹni náà ti kú ńkọ́? O kó ẹrù ẹni tí o ò mọ̀ wọlé, o ò gbàdúrà sí i?"

Mo ní a máa gbàdúrà sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣé mo pẹ́? Mi ò pẹ́! Kí n tó dé, Màmá ti ṣí ìgò omi àdúrà wọn, wọ́n ti wọ́n ọn sórí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ bọ́ọ̀dù náà lára bí ẹni tó ń fi òróró pa ọmọ. Mo kígbe, "Yéè! Mo gbé!" Màmá dúró, wọ́n wò mí. "Kí ló dé? Ṣebí ìwọ lo jẹ́rìí pé ẹ̀rù ti lọ? Kí lò ń bẹ̀rù nínú omi Olúwa?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín. Bí wọ́n ti lọ, a kó gbogbo ẹ̀ sórí ajọ̀, a sá a sóòrùn. Àmọ̀kẹ́ mú òwú, ó ń nu àwọn ihò kéékèèké yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo owó wa ti bómi lọ.

Túsìdé, 25/11

Ọjọ́ kejì lóòrùn. Ọyẹ́ yìí wúlò fún nǹkan kan, ohun gbogbo ti gbẹ táútáú. Mo tò ó: bọ́ọ̀dù sínú àpótí, ráàmù sáyè ẹ̀, káàdì méjèèjì, háàdì-dísíkì. Mo fọwọ́ kan irin kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo tún gbé igi ìgbálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó dún "píìpù" lẹ́ẹ̀kan.

Ìwé Adéjàre ní ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé ara ẹ̀ le. Mo fò sókè! Mo pe Àmọ̀kẹ́ kó wá gbọ́ ọ, a pa á, a tún un tàn, a ń gbọ́ píìpù bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá ké. Bóyá omi Màmá tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́, mi ò mọ̀. Fún wákàtí kan gbáko, ẹ̀rù ò bà mí.

Fúráìdé, 28/11

Mọ́nítọ̀ tuntun, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Èyí tí wọ́n ti lò, mẹ́jọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Jọláyẹmí ní kí la ń da ara wa láàmú sí, mọ́nítọ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun tí kò gbé àwòrán, ká san ẹgbẹ̀rún kan, ká máa gbé e lọ. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Iṣẹ́ yín ṣáà nìyẹn, Ẹnjiníà. Ọjọ́ kan, ẹ ti parí ẹ̀."

Adéjàre ti ń ka owó kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní ká ronú. Ó ní, "Ronú kí ni? Ìwọ kọ́ lò ń tún tẹlifíṣàn gbogbo ìlú ṣe?" Níwájú Jọláyẹmí! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Ìkìrun.

Mọ́ńdè, 1/12

Mo fi púlọ́ọ̀gì ẹ̀ sára ògiri, mo dúró lókèèrè. Ó ń ta "tíkì, tíkì, tíkì", ojú ẹ̀ dúdú. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì péré á mọ̀ ọ́n. Lẹ́ẹ̀dì kan, òjé tí wọ́n fi ń jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, ti sán nísàlẹ̀, nítòsí túùbù. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi aṣọ bò ó.

Tọ́sìdé, 4/12

Ó ṣì wà lábẹ́ aṣọ.

Sátidé, 6/12

Mo tú sikúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo yọ ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò. Mo rí fìlà rọ́bà dúdú tó wà lára túùbù, ibẹ̀ ni iná máa ń sá pamọ́ sí kódà tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Mo ti kọ́ ọmọ méje bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Mo mú sikurudíráfà, mo na án dé ibi tó ku bí ìka kan, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo apá! Sikurudíráfà bọ́, ó ró gbàgà lórí símẹ́ńtì, mo fò sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn orí gbá fèrèsé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ọkùnrin ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, ìyẹn ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ekòló. Ejò náà gan-an ni.

Mọ́ńdè, 8/12

Mo dì í sínú àpò ìrẹsì, ó di Ìnísà. Ọláwuyì bá mi gbé e kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi. Kò ṣí àpò náà.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní lè ṣe èyí."

Mo ní ṣé torí pé mọ́nítọ̀ ni? Mo ní kò yàtọ̀ sí tẹlifíṣàn.

"Mo mọ̀, sà. Mi ò ní lè ṣe tẹlifíṣàn náà mọ́. Ọ̀kan tẹ́ ẹ gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti parí, ẹ gbé e lọ, mi ò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo ní èmi Akínyẹlé tí mo fi ọwọ́ ara mi fún ọ ní fíríìdọ̀mù, èmi lò ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀? Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọwọ́ kan ni kó máa wọlé, kí èkejì wà lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi lọ. Kò sí ohun tí mo lè ṣe síbẹ̀ tẹ́ ẹ̀yin ò lè ṣe." Omi lé ròrò sójú ẹ̀. Mo gbé ẹrù mi. N ò kí i pé ó dàbọ̀.

Wẹ́sìdé, 10/12

Ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan. Ètè mi ti là. Mi ò jẹun.

Sátidé, 13/12

Mo parọ́ fún Adéjàre. Mo ní mọ́nítọ̀ náà ti kú pátápátá, kò ní àtúnṣe. Mo rò pé á bínú, pé á ní ká jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Kò bínú. Ó ní, "Kò burú. Gbé e fún mi, jẹ́ kí n ṣí i wò. Mo ní ìwé ẹ̀."

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án!" Gbogbo ilé gbọ́ mi.

"Ṣebí o ní ó ti kú? Kí ni òkú fẹ́ fi mí ṣe?"

Mo rí i lójú ẹ̀ pé á ṣí i lóòótọ́. Ẹni tí ò mọ̀ ju ìṣirò lọ, tó máa ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀, tó máa fi ìwé sórí itan! Mo ní kó fi sílẹ̀, màá tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú ẹ̀ dùn, ó lọ. Torí pé mo fẹ́ fi ẹ̀rù tèmi pamọ́, díẹ̀ ló kù kí n pa ọ̀rẹ́ mi.

Wẹ́sìdé, 17/12

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Adéjàre ti kun yàrá náà. Ó ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: GÉÈMÙ KỌ̀ǸPÚTÀ. Mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí n má bàa rí i.

Sátidé, 20/12

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ kí n tó gbàgbé.

Dàmọ́lá ọmọ wa ti wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Òkukù láti Fúráìdé fún ìsinmi, èmi àti Àmọ̀kẹ́ nìkan la wà nílé. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Àmọ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó wọlé wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, tí mò ń wo aṣọ tí mo fi bo mọ́nítọ̀. Ó ṣí aṣọ náà kúrò, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga.

Ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, èmi ni mo lọ bá Ọláwuyì ní Ìnísà. Èmi ni mo ní kó má gba tẹlifíṣàn lọ́wọ́ yín mọ́."

Mo dìde. Mi ò mọ̀ pé mo lè bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló rán ẹ? Mo ní o tú mi síta lójú ọmọọṣẹ́ mi! Mo pè é lóríṣiríṣi. Ó dúró, ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Mo mọ̀ láti oṣù Kẹjọ," ló wí. "Àwọn tẹlifíṣàn tó ń ti ibí lọ lálẹ́, tó ń wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú èèpẹ̀ Ìnísà lẹ́sẹ̀. Mo ń retí kẹ́ ẹ sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí mo rí yín pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀, ọkàn mi bàjẹ́. Ẹ bú mi sí i bó bá wù yín. Ọkọ mi ni mò ń wá, kì í ṣe ẹni tó ń gbé tẹlifíṣàn onítẹlifíṣàn kiri bí olè."

Mo jókòó padà. Mo sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa gba ẹnu mi jáde nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Àmọ̀kẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni. Mo parọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò ní kẹ́rù má bà yín," ló wí. "Mo ní kẹ́ ẹ má dá nìkan bẹ̀rù. Kí ni mo máa gbé dání?"

Mo ní kó mú dígí. Tẹlifíṣàn, ẹ̀yìn ẹ̀ la máa ń dúró sí tún un ṣe, dígí la fi ń wo ojú ẹ̀. Ó lọ gbé dígí ńlá táwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń wo aṣọ wá.

Mo yẹ ara ògiri wò, kò sí púlọ́ọ̀gì níbẹ̀. Mo fi púlọ́ọ̀gì náà sí àpò ara mi kí n lè máa fọwọ́ kàn án. Mo so wáyà mọ́ sikurudíráfà, mo so orí kejì wáyà náà mọ́ irin tó di túùbù mú. Ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Àmọ̀kẹ́ ń ka sáàmù lábẹ́ ẹnu, mi ò gbọ́ èyí tó jẹ́. Mo ti sikurudíráfà sábẹ́ fìlà rọ́bà náà.

Ó dún "pà!" Iná tó sá pamọ́ ti jáde.

Mo bọ́ síta, mo bì. Gbogbo ẹ̀kọ àárọ̀. Mo fi omi yọ ẹnu, mo padà wọlé, torí pé Àmọ̀kẹ́ ti gbé àga jókòó tì í, kò sì dáa kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú nǹkan yẹn. Mo yí i wò. Lóòótọ́, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti sán yípo bí òrùka. Mo mú irin gbígbóná, mo jó lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n náà ló ń ṣe é.

A so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo dá púlọ́ọ̀gì padà sára ògiri. Mi ò gbé igi ìgbálẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo dijú. Píìpù! Àmọ̀kẹ́ pariwo, "Ìmọ́lẹ̀ ti dé! Ó ń kọ nǹkan!" Mo wo inú dígí, mo rí lẹ́tà òyìnbó ní àyípadà. Mo ti àwo géèmù mọ́tò tí Adéjàre yá bọ inú kọ̀ǹpútà. Mọ́tò pupa kan yọ, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àwòrán náà ò kún ojú mọ́nítọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúdú. Ẹni tó máa sanwó ò ní gba ìyẹn. Sikúrúù kékeré kan wà nínú lọ́hùn-ún tí wọ́n fi ń fẹ̀ ẹ́, iná sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ kí o tó lè yí i.

Mo mú sikurudíráfà oníike. Mo ní kí Àmọ̀kẹ́ gbé dígí sókè díẹ̀. Mo na ọwọ́ dé ẹnu ibẹ̀, mo fà á padà. Mo tún na án, mo tún fà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní, "Kò ṣeé ṣe. Jẹ́ ká pa á." Dígí náà wúwo, ọwọ́ ti ń ro Àmọ̀kẹ́. Ó fẹ́ fìdí ẹ̀ ti etí tábìlì, férémù ẹ̀ ta lu mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ sún, ó fẹ́ já bọ́. Àmọ̀kẹ́ sáré na ọwọ́ kó dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ túùbù tó ṣí sílẹ̀ gan-an ni ọwọ́ ẹ̀ ń lọ, lábẹ́ fìlà rọ́bà.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ọwọ́ mi wọ àárín, ó gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù, ó kọjá lọ sínú, ó di pátákó ìsàlẹ̀ mú, ó fa gbogbo ẹ̀ padà sáàárín tábìlì. Mo ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé! Gbé dígí!" Ó gbé e. Sikúrúù kékeré yẹn wà níwájú mi báyìí, mo ti sikurudíráfà oníike bọ̀ ọ́, mo yí i. Mọ́tò pupa fẹ̀. Mo tún yí i. Ó fẹ̀ títí ó fi kún láti etí dé etí, ojú ọ̀nà, igi, òkè, gbogbo ẹ̀.

"Bàbá Dàmọ́lá," Àmọ̀kẹ́ wí, ohùn ẹ̀ kéré. "Ọwọ́ yín wà nínú ẹ̀."

Mo wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ó wọlé dé ìgúnpá.

Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó dé. Mo fà á jáde díẹ̀díẹ̀, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Àmọ̀kẹ́ sì jókòó tì mí, ó gbé orí lé mi léjìká. Ó ti ju wákàtí kan lọ báyìí, ara mi ò tíì balẹ̀. Bí lẹ́tà mi ṣe rí wágunwàgun lórí ìwé yìí, ohun tó fà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pẹ́ kó tó dé lónìí. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀.